Iyán Ni Kí Ẹ Kọ

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ti oúnjẹ náà kò yàtọ̀. Bí ènìyàn bá wọ ilé oúnjẹ àwọn ará Jàpáànù ní ìlú bíi Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sushi, ramen àti tempura ni yóò bá nínú ìwé tí wọ́n to oúnjẹ sí. Bí àlàyé bá wà, abẹ́ orúkọ ló sábà máa ń wà. Òyìnbó tí ebi ń pa yóò kọ́ orúkọ náà, yóò sì fi bèèrè oúnjẹ. Nígbà tí UNESCO fi àṣà oúnjẹ Jàpáànù kún ogún ìran ènìyàn ní 2013, washoku, bí àwọn onílé ti ń pè é, ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Àwa ńkọ́? Níhìn-ín ní Jos, bí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣe àsè, "pounded yam" àti "bean cake" là ń kọ síwájú àlejò. A ní kí ó lè yé àwọn ọ̀rẹ́ wa tí kì í ṣe Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n ta ló túmọ̀ súyà àti kúnú fún wa? Ẹnu wa ló kọ́ wọn.

Bí àwa tí a bí sí Òkè Ọya bá pa orúkọ iyán àti àkàrà tì, kí ni àwọn àbúrò wa yóò máa pè wọ́n? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ àsè, a bẹ̀ yín: lọ́dún yìí, ẹ kọ Yorùbá sókè, kí ẹ fi àlàyé sísàlẹ̀. Àlejò tí iyán bá dùn mọ́ lẹ́nu kò ní gbàgbé orúkọ rẹ̀.