Wọ́n Ta Abẹ́ Ọkọ̀, Wọ́n Fi Ra Ariwo

Ẹni tó bá wà ní Ọmù-Àrán nígbà tí Kérésìmesì bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bóyá àwọn ọmọ Èkó ti ń wọlé. Etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Gbàrà tí ọkọ̀ bá ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, tó gba Òrò kọjá, tó wá kọjú sí Ọmù-Àrán, ni yóò ti máa dún gbà-gbà-gbà bí ìbọn ọdẹ. Àwọn ọmọdé á sáré jáde, ewúrẹ́ á kó sí gọ́tà, ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́bàá títì á di orí mú, á ní, "Olúwa o, èwo tún ni èyí?" Kò sí nǹkan kan, ìyá. Honda tí wọ́n ń pè ní "End of Discussion" ni. Ẹni tó ni ín ló gé ẹ̀sọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ó ń bí àwọn mìíràn nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yẹn kò ní í rẹ́rìn-ín rárá. Owó wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, ikú náà sì lúgọ síbẹ̀.

Bó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin á gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ọkọ̀ yìí máa dún bíi tàwọn ọkọ̀ eré ìje, kó sì máa fò." Ọ̀gá á wọ abẹ́ ọkọ̀, á jáde, á nu ọwọ́, á ní, "Àbúrò, katalísì yìí ló ń fún ọkọ̀ rẹ lọ́rùn. Jẹ́ ká gé e dànù, ká jó páìpù gbọọrọ síbẹ̀. Fún ẹ, mi ò tiẹ̀ ní í gbowó iṣẹ́." Inú ọmọkùnrin á dùn, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá mi, Ọlọ́run á bù kún un yín." Kò ní í bi ara rẹ̀ léèrè pé láti ìgbà wo ni mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Gbogbo mẹkáníìkì kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n katalísì tí wọ́n gé "dànù" yẹn, kò sí ẹni tó ń dà á nù. Bí wọ́n bá fọ́ inú rẹ̀, nǹkan funfun tó ní ihò wínníwínní bí afárá oyin ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi àwọn irin iyebíye mẹ́ta kùn ún lára: platinum, palladium àti rhodium. Lọ́dún 2021, ìwọ̀n ounce kan péré rhodium, tí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 31 lọ, ju $20,000 lọ lọ́jà àgbáyé. Góòlù pàápàá kò tó $2,000 lọ́dún yẹn. Bíńtín ló wà nínú ọkọ̀ kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra katalísì fi ń rìn káàkiri ọgbà mẹkáníìkì, láti Èkó títí dé àwọn ìlú kéékèèké. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá ta abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ láìmọ̀, ariwo ni wọ́n fi san án.

Kí wá ni iṣẹ́ katalísì ọ̀hún? Èéfín tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì ní oró mẹ́ta nínú. Àkọ́kọ́ ni carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn bí ẹni tó ń sùn. Èkejì ni epo tí kò jóná tán. Ẹ̀kẹta ni gáàsì nitrogen oxide tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Inú katalísì, bó bá ti gbóná dáadáa, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń yí padà di ohun tí oró rẹ̀ kéré jọjọ. Bí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo oró yẹn ló ń jáde bó ṣe wà.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí Peugeot 504 bàbá wa kò ní katalísì, ó sì sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́?" Òótọ́ ni. Láti 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot ti Kàdúná ti ń to ọkọ̀ jọ ní Nàìjíríà, 504 sì ni ọkọ̀ tí gbogbo ọ̀gá ọ́fíìsì ń gùn. Àmọ́ epo ìgbà náà ní òjé nínú, òjé sì ni ọ̀tá katalísì. Kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí òjé bá wà. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Dakar ní oṣù kẹfà ọdún 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà ti fẹnu kò pé àwọn yóò yọ òjé kúrò nínú epo, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, ó ti kúrò nílẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ Sàhárà. Àwáwí 504 kò bá ọkọ̀ òde òní mu mọ́.

Ẹ má sì gbàgbé, 504 yẹn náà gba ife ẹ̀yẹ nínú eré ìje Safari ní Kenya lọ́dún 1975, Ove Andersson ló wà á. Ó tún gbà á lọ́dún 1978, Jean-Pierre Nicolas ló wà á. Ariwo kọ́ ló jẹ́ kó borí. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ le, tó lè gba kòtò àti ẹrẹ̀ ni.

Ó wá ku ti agbára. Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ tí wọ́n gé ẹ̀sọ́ọ̀sì rẹ̀ ń sáré jù? Ọkọ̀ tó ní turbo lè jèrè díẹ̀ tó nítumọ̀. Ṣùgbọ́n lára Honda tàbí Camry tí kò ní turbo, agbára tó ń fi kún un kò tó nǹkan, etí ló ń tan awakọ̀ jẹ. Ohun tí yóò tètè rí ni iná "check engine" tó tàn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, láti èyí tí wọ́n ṣe ní 1996, ní sensor kan ṣáájú katalísì, òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí katalísì bá pòórá, brain box á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí wẹ́dà bá sì ba sensor iwájú jẹ́ níbi tó ti ń jó irin, brain box kò ní í mọ ìwọ̀n epo tó yẹ kó fún ẹ́ńjìnnì mọ́, ọkọ̀ á wá máa mu epo bí ẹni ń mu omi. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló tún fẹ́ ọkọ̀ tó ń jẹ̀gbádùn epo?

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Páìpù tí wọ́n jó mọ́ra ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ìsàlẹ̀ ibi tí èèyàn jókòó sí ló gbà kọjá. Bí ojú jíjó náà bá là, èéfín á máa rá wọnú ọkọ̀. Lásìkò ọyẹ́, tí gbogbo fèrèsé wà ní títì, tí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ jọ ń bọ̀ láti Ìlọrin, orí fífọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ máa sọ, lẹ́yìn náà òòyì, lẹ́yìn náà oorun. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ dúró, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí gbogbo ará ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ sì wá ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má sì ṣe sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì.

Òfin ńkọ́? Ó wà, ọjọ́ sì ti pẹ́. Láti 1988 ni àjọ Road Safety ti wà lójú títì, ìlànà ìrìnnà tí wọ́n tún ṣe ní 2012 ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Sálẹ́ńsà tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ dandan lára ọkọ̀. Èéfín àpọ̀jù wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bu owó ìtanràn. Àjọ NESREA tó ń mójú tó àyíká, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, gbé òfin ariwo jáde ní 2009, ó gbé ti èéfín ọkọ̀ jáde ní 2011. Ní ti eré sísá, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà gbogboogbò, 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀ ńlá. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ sá 180 láàárín Òrò sí Ọmù-Àrán, òun àti Road Safety, òun àti màlúù tó ń sọdá, ló jọ máa sọ ọ́.

Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà lọ́hùn-ún. Òfin wọn ti 1986 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún ẹ̀sọ́ọ̀sì ṣe kí ariwo rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ọkọ̀ tó bá sì wá pẹ̀lú katalísì, tí wọn kò rí i lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò MOT, ó já nìyẹn. Ẹni tí kò jẹ́ dán an wò ní Peckham, kí ló dé tó fi ń dán an wò ní Ẹ̀sìẹ́?

Ṣé kéèyàn má wá fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ni? Rárá o. Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ tó lágbára kò dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ló yẹ kó gbà.

Kọ́kọ́ dá ọkọ̀ náà padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun. Púlọ́ọ̀gì tuntun, fílítà tó mọ́, ọ́ìlì tó péye, nọ́sù tí wọ́n fọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ agbára tí àwọn ọmọkùnrin ń wá kiri, inú ìdọ̀tí ló sin sí. Lẹ́yìn náà, ṣe bíréèkì àti táyà kó o tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹṣin tí kò ṣeé dá dúró, ìparun ló ń gbé ẹni tó gùn ún lọ.

Bó bá jẹ́ ohùn ọkọ̀ lo fẹ́, fi katalísì sílẹ̀ síbi tó wà. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o ti pààrọ̀ páìpù àti sálẹ́ńsà sí èyí tó dára, tí ọkọ̀ á fi dún kíkankíkan láìpariwo. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jó ló jó o, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò.

Bó bá jẹ́ brain box lo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe, wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n tó péye ni afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń fa gbogbo agbára rẹ̀, epo gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi etí nìkan díwọ̀n rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń wá fún ọ. Rántí pẹ̀lú pé ètò tí wọ́n ṣe fún epo olówó ńlá ti ìlú òyìnbó lè mú kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà bí epo lásán bá wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni písítìnì ti ń lu.

Bí o bá wá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì pátápátá, gbé pátíkúlà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ṣe é, kí nọ́ńbà tuntun wọlé. Ẹ́ńjìnnì tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ìwé mu, lójú ọlọ́pàá, ọkọ̀ olè ni títí o fi máa rojọ́ tán. Sọ fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò náà, kí wọ́n má baà yẹ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ìtàn sọ pé Ogbó, àdá tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún, ló ń la ọ̀nà níwájú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ní Ogbó mọ̀nà, tó di Ìgbómìnà. Ọmọ ẹni tó mọ̀nà kò gbọdọ̀ sọnù sójú títì nítorí ariwo. Ẹ wo àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Láti 1945 ni wọ́n ti kọ́ ilé fún wọn, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọn kò sọ̀rọ̀ rí, síbẹ̀ àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, bó bá ń rú, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ bá ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, jẹ́ kí ìyá alákàrà dá ọ mọ̀ nípa ẹ̀bùn tó o gbé wá fún un. Má jẹ́ kó jẹ́ nípa àyà tó já.