Ìrètí Olólùfẹ́ Ẹgbẹ́ Tó Ń Fìdí Rẹmi Kì í Ṣe Ìwà Òmùgọ̀

Ẹgbẹ́ 30 ló ń kópa nínú líìgì bésíbọ́ọ̀lù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ife ẹ̀yẹ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń dù lọ́dọọdún. Bí sáà bá parí, olólùfẹ́ ẹgbẹ́ 29 ni yóò relé lọ́wọ́ òfo. Àwọn kan wà nínú wọn tí ẹgbẹ́ wọn ti ń fìdí rẹmi fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ tí wọn kò yéé dé fìlà ẹgbẹ́ náà lọ sí pápá. Àwọn ènìyàn a máa fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe to eré náà yóò gbà pé ìrètí wọn ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí wọ́n bá ti lè mọ ohun tó yẹ kí wọ́n gbé e lé.

Ìdí àkọ́kọ́ ni bí eré náà ṣe pọ̀ tó. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá, ọjọ́ ìsinmi wọn kò sì tó nǹkan. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè borí nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Chicago White Sox pàdánù ìgbà 121 lọ́dún 2024, iye tí ẹgbẹ́ kankan kò pàdánù rí nínú sáà kan láti ọdún 1901. Síbẹ̀, ìgbà 41 ni wọ́n jáwé olúborí. Chicago Cubs tó gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún 2016 pàápàá ti pàdánù ìgbà 58 nínú àwọn eré sáà náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Olólùfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ ní í dúró di ọjọ́ karùn-ún: ẹgbẹ́ tí wọ́n nà lálẹ́ òní yóò tún wọ pápá lọ́la, òdo sí òdo ni wọn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí kejì wà nínú òfin líìgì. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Nàìjíríà àti ti Yúróòpù, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ́yìn yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀. Kò sí èyí nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti iléèwé gíga, àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ni wọ́n máa ń fún láyè láti kọ́kọ́ mú. Láti ọdún 2023, wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké fún ipò mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àǹfààní náà ṣì pọ̀ jù fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ṣubú kì í sábà pẹ́ nílẹ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. New York Mets pàdánù ìgbà 120 lọ́dún 1962 tí wọ́n dá wọn sílẹ̀; lọ́dún 1969, àwọn ló gba ife ẹ̀yẹ. Detroit Tigers pàdánù ìgbà 119 lọ́dún 2003. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, wọ́n ti dé àṣekágbá.

Ẹgbẹ́ tó dán ìrètí wò jù ni Chicago Cubs. Wọ́n gba ife lọ́dún 1908, ó sì di ọdún 108 kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án. Lọ́dún 1945, Detroit borí wọn ní àṣekágbá. Lọ́dún 1969, wọ́n ti ń léwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kí Mets tó gba ipò náà lọ́wọ́ wọn lóṣù Kẹsàn-án. Lọ́dún 2003, ayò mẹ́ta sí òdo ni wọ́n fi ń ṣíwájú Florida, ó sì ku kí wọ́n mú agbábọ́ọ̀lù márùn-ún péré kúrò lójú eré kí wọ́n dé àṣekágbá. Àfi bí Florida ṣe jẹ ayò mẹ́jọ léraléra. Àwọn kan ní èpè ni, wọ́n sì ń tọ́ka sí òbúkọ kan tí wọ́n ní wọ́n lé jáde ní pápá lọ́dún 1945. Ìrònú yìí ló ń pa ìrètí, nítorí ẹni tó gbà pé èpè ló ń jà kò ní wo iṣẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ ló sì yí ọ̀rọ̀ náà padà. Lópin ọdún 2011, Cubs gba Theo Epstein láti máa darí ẹgbẹ́, ẹni tó ti wà nídìí ife tí Boston gbà lọ́dún 2004 lẹ́yìn ọdún 86. Lọ́dún 2012, wọ́n pàdánù ìgbà 101. Ẹni tó wo tábìlì nìkan rí ìbàjẹ́. Ẹni tó fara balẹ̀ rí Anthony Rizzo tó dé lọ́dún yẹn, àti Jake Arrieta pẹ̀lú Kris Bryant tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2013. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 2016, lẹ́yìn tí Cleveland ti kọ́kọ́ fi eré mẹ́ta sí ẹyọ kan ṣíwájú wọn ní àṣekágbá, Cubs borí eré keje pẹ̀lú ayò mẹ́jọ sí méje. Bryant ló ṣa bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, Rizzo ló jù ú sí. Akólòlò ti pe baba.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: pé ìrètí olólùfẹ́ ń jẹ́ kí olówó ẹgbẹ́ máa jókòó lórí owó, níwọ̀n ìgbà tí àwọn òǹwòran kò bá ti yéé wá. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrètí kò pa ẹnu mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2023, èrò tó lé ní 27,000 ya bo pápá Oakland, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà lára àwọn tó burú jù, láti ní kí olówó ẹgbẹ́ náà tà á. Wọ́n pariwo lòdì sí i, wọ́n sì hó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n borí Tampa Bay lálẹ́ náà. Wọn kò rí ohun tí wọ́n béèrè, ẹgbẹ́ náà sì fi ìlú sílẹ̀ lẹ́yìn sáà 2024. Ìrètí kò ṣèlérí pé ohun tí a fẹ́ yóò tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ó kàn kọ̀ láti gbà pé kò sí ohun tó tọ́ sí ẹni tó dúró.

Ó kù àwọn tó kú kí ọjọ́ ayọ̀ tó dé. Ernie Banks gbá bọ́ọ̀lù fún Cubs láti 1953 sí 1971, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá nígbà 512, kò sì dé ìpele àṣekágbá rárá. Síbẹ̀, gbogbo Chicago ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn bí eré bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 2015. Nígbà tí ife náà dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olólùfẹ́ mú ṣọ́ọ̀kì lọ síbi ògiri bíríkì pápá Wrigley Field, wọ́n sì kọ orúkọ bàbá, ìyá àti àwọn òbí àgbà wọn tó ti kú sára rẹ̀. Àwọn òkú wọ̀nyẹn kò rí ife, ṣùgbọ́n àwọn ló mú àwọn ọmọ náà lọ sí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́, ní àwọn ọdún tí kò sí ohunkóhun láti yọ̀ lé lórí ju eré ọjọ́ kejì lọ.