Ṣé Nítorí Ìdánwò Nìkan ni A Fi Ń Kàwé?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ènìyàn yóò torí rẹ̀ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Nídìí búrẹ́dì àti àkàrà ni a ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, ọdún 2022, ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà. Oṣù mẹ́jọ gbáko! N kò tíì pé ọdún kan ní yunifásítì nígbà náà. Ìdánwò sáà kìíní ku díẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró, tí oníkálùkù sì kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ìsọlọ̀ ni ilé tèmi wà. Ènìyàn márùn-ún ni a wà nínú yàrá kan, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń ké lẹ́yìn fèrèsé, bí iná bá sì dé, tẹlifísàn á gba ipò jẹnẹrétọ̀. Èyí ló mú kí àwa bíi mẹ́fà lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò wa pé kí ó jẹ́ kí a máa lo kíláàsì kan láti ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ó gbà. Orí àga àwọn ọmọdé ni a ń jókòó lé, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

A kì í ṣe ọmọ yunifásítì kan náà. Ọ̀kan ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó, Mafolúkù ló ti ń wá, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí òrùlé bí ẹni fẹ́ balẹ̀ sí àgbàlá ẹni. Ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, Bọ̀ládé ní Òṣòdì ni ilé wọn. Ọmọbìnrin kan ń ti Àjàó wá, ọmọ Ìgbò ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́. Èmi nìkan ni mo ń kọ́ Yorùbá láàárín wọn, ẹ kò sì ní í ṣàì mọ irú yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi mí ṣe. Wọn a ní, ‘Ìwọ tí ò ń kọ́ èdè ìyá rẹ, kí ni ò ń kà lóru?’

Bí ó bá ti di aago mẹ́jọ, a ó sinmi. Ẹni tó bá lówó á ra búrẹ́dì, ẹlòmíràn á ra àkàrà. Ìdánwò la ó kọ́kọ́ sọ: ta ló gbé iṣẹ́ wo, olùkọ́ wo ló ń bi ní ohun tí kò kọ́ni. Lẹ́yìn náà ni ti Mafolúkù á yọ fóònù rẹ̀ síta, a ó sì ká a mọ́ àárín bí ẹní ká iná mọ́. Kàtúùnù àwọn ará Jàpáànì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ánímè. Àwọn Naruto, àwọn One Piece. Bí ẹ bá rí i bí ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ti ń sunkún nítorí ọmọkùnrin aláwòrán kan tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá! Ọ̀rẹ́ mi yìí kan náà a máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórúkọ gbàgàdà, ṣùgbọ́n ‘senpai’ ló ń pe ẹni tó fi kíláàsì kan ṣáájú rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ní Jàpáànì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìwé náà yọjú sí wa. Ará Ìṣẹ́yìn ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

‘Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni ẹ ń wò tí ẹ fi ń pariwo tó báyìí?’

‘Bàbá, ẹ má bínú, sà. Kàtúùnù ni.’

‘Èdè wo ni wọ́n ń sọ yẹn?’

‘Èdè Jàpáànì ni, sà.’

‘Ẹ gbọ́ ọ ni?’

‘Rárá, sà. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni à ń kà.’

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ní kí ẹnì kan sọ ìtàn náà fún òun nítorí ojú òun kò ríran ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn bá nàka sí mi. Ṣebí èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n Yorùbá.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Luffy, ó ń wá ìṣúra kan kiri orí òkun, ó sì ń kó ènìyàn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan: onídà, alásè, oníṣègùn, títí kan egungun òkú kan tó ń ta gòjé òyìnbó. Ibẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdajì, mo ti ń sọ ‘captain’, mo ti ń sọ ‘navigator’. Bàbá ní, ‘Sọ ọ́ ní Yorùbá.’ Mo dákẹ́. Ọmọ Ìgbò tó ń ti Àjàó wá ló gbà mí sílẹ̀, ó ní, ‘Bàbá, ọ̀gá inú ọkọ̀ àti atukọ̀ ló ń wí.’ Òun ṣe Yorùbá ní WAEC, ó sì mọ àmì ohùn lé lórí ọ̀rọ̀ ju èmi lọ nígbà náà. Ní 2018 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Àwọn kan fi òfin náà ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n mo rí ẹnì kan tí Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé wúlò fún, mo sì jìyà ìtìjú rẹ̀.

Bàbá gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní, ‘Kàkó ńkọ́?’

A wojú ara wa. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ògbójú ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, Ìmọ̀dòye ọlọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ tí orin ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, àti àwọn yòókù, oníkálùkù pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ka ìwé náà, kò sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ìyàwó Kàkó ti dì mọ́ ọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn pé kò gbọdọ̀ lọ, tí Kàkó sì fa àdá yọ tí ó fi pa á, ọmọbìnrin Àjàó fò dìde. Ó ní irú akọni wo nìyẹn? Ti Bọ̀ládé ní ọba ló rán an níṣẹ́, kí ni kí ó ṣe? Ti Mafolúkù ní Luffy kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Bàbá fúnra rẹ̀ ní ibẹ̀ kò tíì yé òun tán láti kékeré. A jiyàn títí aago mọ́kànlá fi lù. Kò sí ẹni tó padà sídìí ìwé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ohun tó bí mi nínú. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, wà lára ìwé tí a ń kà fún ìdánwò ní sáà yẹn gan-an. Ó wà nínú àpò mi níbẹ̀! Kí n má purọ́, kì í ṣe ìwé náà fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ìwé pélébé olójú ewé mẹ́rìnlá tí àwọn tó ṣáájú wa kọ, tí a ń dà kọ lọ́wọ́ ara wa. Ohun tó wà níbẹ̀ nípa Kàkó kò ju ìlà méjì lọ: alágbára ni, onínúfùfù ni. Mo ti há a sórí. Mo mọ ọdún tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, 1968. Mo mọ ọdún tí Fágúnwà kú, 1963. Ṣùgbọ́n pé ọkùnrin kan pa ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pé ènìyàn lè bínú sí i kí ó má lè sùn, n kò mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà mọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kì í kàwé. Ní 2021 ni One Piece pé ẹgbẹ̀rún kan ìpín lórí tẹlifísàn. Ẹni tó bá ti wò ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ka ohun tó ju gbogbo ìwé Fágúnwà lọ, kò sì sí ẹni tó ṣèlérí máàkì kankan fún un. N kò sì gbà mọ́ pé èdè tí a kò gbọ́ ló ń lé ènìyàn sá. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ èdè Jàpáànì. Ìtàn ló fà wá, èdè náà wá ń dùn létí nítorí ìtàn, débi pé ti Mafolúkù ra ìwé láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Àwọn ará Jàpáànì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tiwọn sọnù rí. Ní 1872, Mori Arinori, tó jẹ́ aṣojú wọn ní Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí William Dwight Whitney, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè ní Yale, ó ní òun rò pé kí orílẹ̀-èdè òun máa lo Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó yẹn gan-an ló gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fi èdè wọn sílẹ̀. Ní 1885 Mori di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn àkọ́kọ́, síbẹ̀ èdè Jàpáànì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn títí dòní. Ká ní àbá rẹ̀ ṣẹ ni, èdè wo ni Luffy ìbá máa sọ?

Ní tiwa ńkọ́? Ní oṣù Bélú ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Bélú 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni. Ìdánwò náà mà tún ni! Ní Ìsọlọ̀ tí mo ń gbé, n kò rí ilé ìwé kan ṣoṣo tó lo ìlànà náà fún ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń fìdí rẹmi bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwa tí a wà nínú ẹ̀ka yìí kò sì gbọdọ̀ dákẹ́, nítorí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé St. Stephen's ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì fi olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi oníṣirò owó kò gbà. Ó ní owó ló ń gbé ánímè kiri, kì í ṣe èdè. Pé bí Yorùbá bá ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Jàpáànì ni yóò máa pe ara wọn ní ‘bọ̀ọ̀dá’. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí Disney gbé Iwájú jáde ní 2024, kàtúùnù tí wọ́n gbé ka ìlú Èkó, orúkọ rẹ̀ ni Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ẹni tó lówó ló ń yan èdè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yan ìwé pélébé olójú ewé mẹ́rìnlá fún wa. Àwa la fọwọ́ ara wa yàn án.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fojú àánú wo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ‘Ṣe àgbéyẹ̀wò ìfìwàwẹ̀dá nínú ìwé yìí’ lọ́dọọdún, ìwé pélébé á máa borí lọ́dọọdún. Ẹ bi wá bóyá Kàkó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí a rí i pé ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí a rò. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìpàdé ẹgbẹ́ wa a máa gba wákàtí méjì, a sì ń fi wákàtí kan jà lórí owó aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ogún ìṣẹ́jú ka ìwé sókè, kí ọmọ ẹ̀ka mìíràn lè wá jókòó gbọ́. Mo mọ̀ pé àkàrà yóò ná wa lówó.

Nígbà tí a wọlé padà ní ìparí 2022, ìbéèrè lórí Kàkó jáde lóòótọ́. Mo kọ nípa ìyàwó rẹ̀, ojú ewé mẹ́ta, mo sì gbà á ní máàkì 11 nínú 20. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé n kò dáhùn ohun tí a bi mí. N kò bínú sí i. Nígbà yẹn mo ti ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan fún ara mi, ẹ̀ẹ̀kan sókè fún Bàbá.

Bàbá ti fi iṣẹ́ ọlọ́dẹ sílẹ̀, ó ti padà sí Ìṣẹ́yìn. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń bi mí bóyá Luffy ti rí ìṣúra náà. Mo ní kò tíì rí i, sà.