Ta Ló Ń San Owó Igbó Ọ̀fẹ́?

Ẹni tó bá gbéra ní Bronx nílùú New York ní ìdájí, tó dojú mọ́tò kọ àríwá, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kò sì dá a dúró, á ti wọ igbó Adirondack kí oòrùn tó kàn án látàrí. Kò ní rí géètì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí akọ̀wé tó máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Pátákó kan tí wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè kọ̀wé sí ló máa sọ fún un pé ó ti dé. Láti ibẹ̀ lọ, ó lè gun òkè, ó lè tukọ̀ lójú adágún, ó lè pàgọ́ sáàárín igi, kó sì padà sílé láìfún onígbó ní kọ́bọ̀.

Igbó náà tó mílíọ̀nù mẹ́fà éékà. Ẹ kó Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìpínlẹ̀ Èkó pọ̀, wọn ò tíì kún un. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ látọdún dé ọdún ò ju bíi 130,000 lọ, wọn ò sì lè kún apá kan Alímọ̀ṣọ́. Àmọ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni àlejò tó ń ya wọ ibẹ̀ lọ́dọọdún. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa bi owó léèrè ibi tó ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ kì í wọ̀ mí létí bọ̀rọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa sanwó ọ̀hún níbì kan.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ ẹyẹ àti òdòdó ló jẹ́ kí wọ́n dá igbó náà sí. Ọ̀rọ̀ ajé ni. Nígbà tí àwọn onígẹdú ń gé igi ibẹ̀ lulẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀rù ba àwọn oníṣòwò ìlú New York. Omi tó ń ti orí àwọn òkè yẹn ṣàn ló ń bọ́ odò Hudson àti Erie Canal, ojú omi tí wọ́n là kí ọkọ̀ ẹrù lè máa gbà á. Bí igi bá tán, ilẹ̀ ò ní lè mú omi dúró mọ́. Bí omi bá fà, ẹrù ò ní rìn. Ní 1885 ìjọba Ìpínlẹ̀ New York sọ ilẹ̀ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ di igbó àdásí, ní 1892 wọ́n fa ààlà ọgbà Adirondack, nígbà tó sì di 1894 àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kó wọ inú ìwé òfin ìpìlẹ̀: ilẹ̀ igbó ìjọba kò ní di títà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gé igi orí rẹ̀ tà. Gómìnà tó bá fẹ́ yí i padà kò lè dá a ṣe. Ilé aṣòfin méjì tí wọ́n dìbò yàn tẹ̀ léra wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kí gbogbo ìpínlẹ̀ dìbò lé e lórí.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín ààlà náà ni tìjọba o. Ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ ti aládàáni: ìlú wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé iṣẹ́ gẹdú pàápàá. Ibí yìí gan-an ni ètò tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ wà. Láti 1886 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń san owó-orí ilẹ̀ fún àwọn ìlú kéékèèké yẹn lórí igbó tirẹ̀, bí onílẹ̀ yòókù ṣe ń san án. Ní Hamilton County, níbi tí èèyàn ò ti fi bẹ́ẹ̀ ju 5,000 lọ, tí ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ sì jẹ́ igbó ìjọba, owó yìí ló ń gbé ilé ìwé ró, òun náà ni wọ́n fi ń gbá yìnyín kúrò lójú títì. Gbogbo wa la mọ ibi tí ìjọba ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ará abúlé, tí ìlérí tó ṣe sì kú sínú fáìlì. Ní Adirondack, ẹni tó ní kí wọ́n má gé igi náà ló ń sanwó àìgé rẹ̀. Ẹni tó ń san owó-orí ní Brooklyn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, wà lára àwọn tó ń dá owó yẹn.

Ti igbó nìyẹn. Jíjẹ mímu àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, nítorí àwọn ìgbà inú ọdún ni wọ́n ń tà. Nígbà ooru, àwọn awakọ̀ ojú omi àti àwọn tó ń gun òkè ló ń náwó. Nígbà ìwọ́wé, àwọn arúgbó á kún inú bọ́ọ̀sì wá wo ewé tó pọ́n rokoso. Àwọn ọdẹ á tẹ̀ lé wọn. Bí òtútù bá mú, ó kan àwọn tó ń fi síkì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, àwọn tó ń lu ihò sójú adágún tó ti dì láti fi wá ẹja, àti àwọn tó ń gun ọ̀kadà orí yìnyín. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni nǹkan máa ń dá. Yìnyín ń yọ́, ẹrẹ̀ gba ojú ọ̀nà òkè, ìjọba á bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má tíì gun orí àwọn òkè tó ga jù kí ilẹ̀ má baà wó. Bí ẹrẹ̀ bá ń gbẹ, eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń jẹni á gba ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á tilẹ̀kùn, oníṣòwò á wá mọ̀ bóyá owó ìgbà òtútù tó òun jẹ dé ìgbà ooru.

Ohun tó lè di ọjà níbẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu. Ní apá ìlà-oòrùn High Peaks, àwọn òkè tó ga jù níbẹ̀, láti oṣù kẹrin dé ìkọkànlá, òfin ni pé ẹni tó bá máa sun inú igbó mọ́jú gbọ́dọ̀ kó oúnjẹ rẹ̀ sínú agolo líle kan tí béárì ò lè ṣí. Kò lẹ́wà, ó wúwo, kò sì wọ inú àpò ẹ̀yìn dáadáa, nítorí náà àwọn ṣọ́ọ̀bù ń fi í yáni lówó. Béárì kan ti wà níbẹ̀ rí tí wọ́n ń pè ní Yellow-Yellow (ẹ má rẹ́rìn-ín, àmì ìyeyè tí wọ́n fi sí i létí ni) tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí oríṣi kan lára àwọn agolo náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é tún ìdérí rẹ̀ ṣe, béárì tún ṣí i. Ká ní èèyàn ni, ìwé iṣẹ́ ni wọn ì bá fún un.

Òtútù gan-an ti jẹ́ ọjà níbẹ̀ tipẹ́. Ìlú Saranac Lake ti fi afẹ́fẹ́ tútù ṣòwò fún bí àádọ́rin ọdún: àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ń wá láti ibi gbogbo, wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí ìta gbangba lábẹ́ kúbùsù nílé àwọn onílé tó ń gbà wọ́n lálejò. Oògùn tó ń pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ dé, ilé ìwòsàn ńlá ibẹ̀ kógbá wọlé ní 1954. Ìlú ò kú, ó wá ọjà mìíràn. Ayẹyẹ ìgbà òtútù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1897 ṣì wà, ará ìlú ló ń gé yìnyín líle nínú adágún tí wọ́n fi ń kọ́ ààfin rẹ̀, láìgbowó.

Àmọ́ òtútù tó jẹ́ ọjà yìí ti ń di ọ̀wọ́n. Lake Placid gba àlejò ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní 1932 àti 1980, ti 1980 sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ti lo yìnyín àtọwọ́dá. Lónìí lórí òkè Whiteface, omi ni wọ́n ń fà láti inú odò Ausable, wọ́n á fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ sójú afẹ́fẹ́ ní òru kó lè dì kó tó balẹ̀. Iná mànàmáná ń jó, epo ń jó, òṣìṣẹ́ ń wà lójúfò. Bí ojú ọjọ́ bá móoru lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti yọ́ padà sínú odò. Àjọ ìjọba ló ń mójú tó ibẹ̀, owó ìlú sì ń dí àlàfo tó bá yọ. Ní tèmi, owó-orí tí ìjọba ń san fún Hamilton County mọ́gbọ́n wá ju ìyẹn lọ, nítorí igbó kì í yọ́.

Old Forge, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, kò ní òkè ńlá, ọ̀kadà orí yìnyín ló ń bọ́ ọ. Ìjọba ìlú ń ta ìwé àṣẹ fún ẹni tó bá fẹ́ gun tirẹ̀ lójú ọ̀nà wọn. Ìlú tó bá sì ti rí owó bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù á fẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ gbìyànjú láti la ọ̀nà gbòòrò sínú igbó àdásí kí ọ̀kadà lè máa ti ìlú kan dé èkejì, ẹgbẹ́ kan gbé e lọ sí kóòtù, ní 2021 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì sọ pé igi tí wọ́n máa gé kọjá ohun tí ìwé òfin gbà. Àwọn oníṣòwò kan bínú. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi bínú, àmọ́ ẹ̀yìn ilé ẹjọ́ ni mo wà. Bí wọ́n bá gba ẹgbẹ̀rún igi láyè fún ọ̀kadà lónìí, òmíràn á bèèrè tirẹ̀ lọ́la.

Wọ́n ṣì lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè bí wọ́n bá gba ọ̀nà tó tọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn olùdìbò New York rí ìbéèrè kan nípa Mount Van Hoevenberg, ibùdó eré ìdárayá nítòsí Lake Placid: ṣé kí òfin gba ohun tí wọ́n ti kọ́ sórí ilẹ̀ igbó náà láyè, bí ìjọba bá fi 2,500 éékà mìíràn kún igbó àdásí? Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni ló borí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Staten Island ní ẹ̀tọ́ sí ìbò yẹn bí ẹni tí wọ́n bí sórí òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní fẹ́ gbọ́ síkì sétí.

Ọ̀fẹ́ mìíràn tún wà. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yẹ̀ lórí Mount Marcy tó ga ní 5,344 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó á wá gbé e, nígbà mìíràn pẹ̀lú hẹlikọ́pítà, New York ò sì ní fún un ní ìwé owó. Ní New Hampshire tí kò jìnnà síbẹ̀, ẹni tó bá fi àìbìkítà kó sí wàhálà á san owó ìgbàlà ara rẹ̀, àyàfi bó bá ti ra káàdì 25 dọ́là ṣáájú. Àwọn kan fẹ́ kí New York ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á fi ìpè falẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí igbó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ìgbàlà jẹ́ ọ̀fẹ́, ibùsùn ni gbogbo owó náà ń bá lọ. Ilé tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì ì bá yá ní Lake Placid lọ́dún, onílé rí i pé lórí Airbnb, ìkànnì tí àlejò ti ń yá ilé, òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó owó oṣù. Láti 2020 ni Lake Placid àti North Elba, ìlú tó yí i ká, ti ń fi òfin àti ìwé àṣẹ dí irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì ń wakọ̀ wá láti ìlú mìíràn lórí yìnyín, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan sì ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wá láti òkè òkun pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀.

North Elba yìí ti mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìbò tipẹ́. Láti 1821, òfin New York sọ pé aláwọ̀ dúdú tí dúkìá ilẹ̀ rẹ̀ kò bá tó 250 dọ́là kò lè dìbò. Wọn ò sì béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun. Ní 1846, olówó kan tó ń jẹ́ Gerrit Smith bẹ̀rẹ̀ sí í pín 120,000 éékà nínú ilẹ̀ rẹ̀ fún 3,000 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, 40 éékà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè ní ohun tí wọ́n fi máa dìbò. Wọ́n pe ibi tí díẹ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí ní Timbuctoo. Òtútù le, ilẹ̀ le, díẹ̀ ló lọ, díẹ̀ nínú àwọn tó lọ ló dúró. Ìdílé Lyman Epps wà lára wọn. John Brown, tó gbógun ti oko ẹrú, kó wá síbẹ̀ ní 1849 láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Kò sí òfin 250 dọ́là mọ́. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń pinnu iye ilé tí wọ́n lè fi ṣe Airbnb ní North Elba, ará North Elba ló ń dìbò yàn án, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò sì rí ilé yá níbẹ̀ sì ń dìbò tirẹ̀ ní ìlú tó ń sùn sí.