Ẹni Tí A Rán Níṣẹ́ Sí Aláùsá Gbọ́dọ̀ Padà Wá Jíṣẹ́

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àwọn ará Ìkòròdú rán aṣòfin 2 lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá; àwọn ará Ẹ̀pẹ́ náà rán 2. Nínú àwọn 40 tí ń ṣe òfin fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà, àwọn 4 yìí ni ojú àti ẹnu àwọn ènìyàn ìlú méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Nígbà tí Gómìnà bá buwọ́ lu òfin, iṣẹ́ ti parí lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní ilé wa. Aṣòfin tí kò bá padà wá sọ ohun tí òfin náà wí fún àwọn tí ó rán an, ìdajì iṣẹ́ ni ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí òfin ti ń di òfin, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n. Àwọn aṣòfin yóò jíròrò lórí àbá òfin, wọn yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì gbé e ránṣẹ́ sí Gómìnà. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú tàbí kí ó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún fọwọ́ sí i, ìyẹn ni pé ó kéré tán ènìyàn 27 nínú 40, àbá náà yóò di òfin láìsí ọwọ́ Gómìnà níbẹ̀. Agbára ńlá ni èyí. Òfin ìpìlẹ̀ kan náà sọ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kò gbọdọ̀ jókòó ní iye tí ó dín sí ọjọ́ 181 lọ́dún. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé ọjọ́ tí ó ṣẹ́kù pọ̀ tó láti fi bẹ ilé wò, kí a sì fi ẹnu ara wa bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn òfin tí wọ́n ti buwọ́ lù ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ó sì jọ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé lábẹ́ wọn bí àlejò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ta ni ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ ìyà tí àwọn ajagungbalẹ̀ fi ń jẹ ènìyàn? Òṣìṣẹ́ yóò fi ogún ọdún kó owó jọ, yóò ra ilẹ̀ kan, yóò sì da iyanrìn síbẹ̀; kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti dé pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀, wọ́n ní kí ó san owó ìpìlẹ̀, owó ògiri, owó òrùlé. Ẹlòmíràn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan, ìdílé kejì sì tún tà á fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún ọdún 2016, Gómìnà Akínwùnmí Ambode, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, buwọ́ lu òfin tí ó dáàbò bo ilé àti ilẹ̀. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó bá fi ipá gba ilẹ̀ tàbí ilé lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ó sọ pé ẹni tí ó bá ń bèèrè owó lọ́wọ́ akọ́lé tàbí tí ó bá dá iṣẹ́ ìkọ́lé dúró lè san owó ìtanràn tí ó tó mílíọ̀nù 1 náírà, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kí ó jìyà méjèèjì.

Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ bíríkìlà tí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà bóyá ó mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ opó tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ ibi tí ó yẹ kí ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ìdílé onílẹ̀ pẹ̀lú ní ìbéèrè tiwọn: níbo ni ẹ̀tọ́ tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀ fún wọn parí sí, níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ń fìyà jẹ ti bẹ̀rẹ̀? Onílẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọlúàbí kò fẹ́ kí a pe òun ní ajagungbalẹ̀, ajagungbalẹ̀ sì ń fẹ́ kí a pe òun ní onílẹ̀. Aṣòfin tí ó bá là á yé àwọn méjèèjì ní gbangba ti dá ọ̀pọ̀ ìjà sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá dákẹ́ ti fi àyè sílẹ̀ fún alágbára láti máa túmọ̀ òfin fún aláìlágbára.

Ọ̀rọ̀ kejì dùn wá ju ti ilẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé ọdún 2016, àwọn ajínigbé kó ọmọbìnrin 3 ní ilé-ìwé Babington Macaulay ní Ìkòròdú. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà, wọ́n wọ Model College ní Igbonla, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lọ. Ìlú pariwo, àwọn aṣòfin sì ṣe òfin. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé ọdún 2017, Gómìnà buwọ́ lu òfin tí ó lòdì sí jíjí ènìyàn gbé: ẹ̀wọ̀n gbére fún ajínigbé, ikú bí ẹni tí a jí gbé bá kú sí i lọ́wọ́. Inú gbogbo wa dùn. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, ní ọjọ́ 25 oṣù Èbìbí, àwọn ajínigbé tún padà sí Igbonla kan náà, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 6 lọ. Ó di ọjọ́ 28 oṣù Agẹmọ kí àwọn òbí wọn tó tún fojú kàn wọ́n.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé òfin kò ní ẹsẹ̀. Bí a kò bá gbé e, kò lè rìn láti Aláùsá dé etí ọ̀sà. Nínú òfin yìí, ìpín kan wà tí ó bá gbogbo onílé wí: ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí a fi ilé tàbí àyè rẹ̀ pa ẹni tí a jí gbé mọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni tirẹ̀, kò sì sí pé ó fẹ́ san owó ìtanràn dípò rẹ̀. A kò sọ pé bí gbogbo ènìyàn bá ti mọ ìpín yìí ni, àwọn ọmọ náà kì bá ti bọ́ sọ́wọ́ ìkà. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí ó ń fi yàrá háyà fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ẹni tí ó ni àhéré nínú igbó, àti ẹni tí ó ni ọkọ̀ lórí omi, gbogbo wọn ni òfin náà ń bá sọ̀rọ̀. Ta ni ó ti lọ bá wọn sọ ọ́? Bí kò bá ṣe aṣòfin tí ó gbé ọwọ́ sókè nígbà tí a ń ṣe òfin náà, ta ni ó tún yẹ kí ó jẹ́?

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ti oṣù Èrèlé ọdún 2018 sọ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìbáà ṣe ti ìjọba, ìbáà ṣe ti aládàáni. Ní ọdún 2022, òfin sọ Politẹ́kíníìkì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ìkòròdú di Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ. Òfin mìíràn sì da Kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adeniran Ogunsanya, ó sì sọ wọ́n di Yunifásítì Ẹ̀kọ́. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ń bèèrè bóyá owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò pọ̀ ju agbára wọn lọ, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ń bèèrè ipò tí ìwé ẹ̀rí wọn àtijọ́ wà. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú buwọ́ lu òfin iná mànàmáná, tí ó fún ìpínlẹ̀ ní agbára láti máa ṣètò iná tirẹ̀ lábẹ́ àjọ kan tí yóò máa bójú tó o. Egbin, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá tí ó tóbi jùlọ ní Nàìjíríà, wà ní ilẹ̀ Ìkòròdú. Àwọn tí ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ohun tí òfin tuntun yìí yóò mú bá àtùpà wọn.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí ọdún 1967, abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, Ìbàdàn sì ni àwọn aṣòfin wọn ń lọ. Ní ọdún 1952, ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ètò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n owó tí a fi kún owó-orí nítorí rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, àwọn alátakò sì mọ bí a ti í fi ìbínú náà kó ìbò jọ. Nígbà ìdìbò àpapọ̀ ti ọdún 1954, ẹgbẹ́ Action Group pàdánù fún NCNC nínú ilé ara rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, àwọn ọmọ wọ ilé-ìwé láìsan kọ́bọ̀, àwọn òbí fi ojú ara wọn rí i, ẹgbẹ́ náà sì tún borí ní ọdún 1956. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ni pé òfin tí ó dára jùlọ pàápàá lè dàbí ìyà lójú ẹni tí a kò ṣàlàyé rẹ̀ fún.

A kò ní ṣàì sọ òtítọ́ fún ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Àwọn aṣòfin kan ń gbìyànjú, Ilé Ìgbìmọ̀ sì ti ń ṣe ìpàdé ní àwọn ẹkùn ìdìbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣòfin bá dé, kí ni a máa ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Àpò ìrẹsì, ẹ̀rọ ìlọta, alùpùpù, aṣọ ẹgbẹ́. Bí ó bá pín in, a ó lu ìlù fún un. Bí ó bá ní òun fẹ́ ka òfin fún wa, a ó máa wo aago. A kò rán an lọ sí Aláùsá láti lọ ra ìrẹsì. Ọjà wà ní Ìkòròdú, ọjà sì wà ní Ẹ̀pẹ́. Ìrẹsì àpò kan kò lè pẹ́ nílé kí ó tó tán, ṣùgbọ́n òfin tí a kò mọ̀ lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wa.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ àwọn aṣòfin wa, tí a sì tún ń rọ̀ wọ́n, pé kí wọ́n ṣe ohun mẹ́rin. Bí Gómìnà bá ti buwọ́ lu òfin tí ó kan ẹkùn wọn, kí oṣù kan má kọjá kí wọ́n tó padà wálé. Kí ìpàdé náà má ṣe jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Kí a pe àwọn ọba àti ìjòyè, àwọn ìyálọ́jà, àwọn apẹja, àwọn olùkọ́, àwọn àlùfáà àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alátakò. Kí wọ́n fi èdè Yorùbá sọ ọ́, kí wọ́n sì tẹ kókó òfin náà sórí ìwé kan ṣoṣo: ohun tí ó kà léèwọ̀, ìyà tí ó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àti ọ́fíìsì tí ẹni tí a bá rẹ́ jẹ yóò lọ. Kí wọ́n gba ìbéèrè, kí wọ́n sì gbé àròyé wa padà sí Aláùsá, nítorí òfin tí ó bá ń ta ènìyàn lára ṣeé tún ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ìwé náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ kà á fún àwọn òbí ní ọjọ́ ìpàdé yín. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ má ṣe gbàgbé pé òfin ìpìlẹ̀ fún yín ní agbára láti pe aṣòfin padà, bí ó bá ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ní ẹkùn rẹ̀ tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìbò sì gbè é lẹ́yìn nígbà tí àjọ INEC bá pe ìdìbò lórí rẹ̀. A kò gbàdúrà kí ó dé ibẹ̀. Ìbéèrè pẹ̀lẹ́tù ní gbangba sàn ju ìbínú lọ. Ní ìgbà mìíràn tí ẹ bá rí aṣòfin yín níbi ìnáwó tàbí ní ààfin, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì bi í pé: òfin wo ni ẹ ṣe láti ìgbà tí a ti ríra gbẹ̀yìn, kí ni ó sì wí nípa wa? Aṣòfin tí ó bá ní ìdáhùn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ bèèrè. Èyí tí kò bá ní, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó fi ìbò yín ṣe.