Ta Ló Ń Yan Ilé-Ìwé?

Ṣé kí òbí máa fúnra rẹ̀ yan ilé-ìwé fún ọmọ ni, àbí kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ti ìjọba? Àríyànjiyàn yìí ti dé ilé-ẹjọ́ rí. Ní oṣù kẹta ọdún 1980, ìjọba Alhaji Lateef Jakande ní Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni yóò kógbá sílé láti oṣù kẹsàn-án. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Okogie àti àwọn mìíràn pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i pé ẹ̀tọ́ wà fún ẹnikẹ́ni láti dá ilé-ìwé sílẹ̀.

Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìdájọ́ yẹn tí a kì í sábà mẹ́nu bà: pé ohun tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ nípa ojúṣe ìjọba lórí ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tí aráàlú lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Olówó rí ẹ̀tọ́ láti yàn. Tálákà kò rí ohun tí yóò yàn.

Obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà kò yan nǹkan kan. Èyí tó sún mọ́ ilé ni ọmọ rẹ̀ ń lọ, ìbáà jẹ́ pé òrùlé ibẹ̀ ń jò. Àwọn tí ohùn wọn lè dé etí kọmíṣánnà ti kó ọmọ tiwọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá (ẹ ò rí nǹkan!). Ta ni yóò wá pariwo nítorí òrùlé?

Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà jẹ́ ti ìjọ Kristẹni, síbẹ̀ ìjọba ń ṣe ìrànwọ́ owó fún wọn. Yíyàn àti owó ìlú kì í ṣe ọ̀tá ara wọn nígbà náà.

Òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ó ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀ kò lè fọwọ́ kan ti Àbújá. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ló ti sùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi aṣòfin àdúgbò yín: ṣé ìpínlẹ̀ wa ti san tirẹ̀ lọ́dún yìí?