Ó Jàre, Ó Tún Sanwó

Ṣòkòtò kan ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, ní ìlú Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Roy Pearson, adájọ́ tó ń gbọ́ aáwọ̀ láàárín aráàlú àti iléeṣẹ́ ìjọba, gbé ṣòkòtò súùtì rẹ̀ lọ fún tọkọtaya alágbàfọ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ Korea, pé kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Owó iṣẹ́ náà kò ju dọ́là 10.50 lọ. Ṣòkòtò di àwátì. Nígbà tí wọ́n mú ọ̀kan aláwọ̀ eérú jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Pearson ní tòun kọ́, pé tòun ní ìlà pupa àti búlúù lára. Ó ní kí wọ́n san owó odindi súùtì fóun, ó lé ní dọ́là 1,000. Wọ́n kọ̀, ó sì forí lé kóòtù.

Ẹ wá wo ìṣirò ọkùnrin yìí. Àwọn alágbàfọ̀ náà lẹ àkọlé mọ́ ṣọ́ọ̀bù pé ẹnikẹ́ni tó bá kó aṣọ wá, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ dájúdájú. Pearson ní ọkàn òun ò balẹ̀, irọ́ ni wọ́n fi ń tan oníbàárà, òfin ìlú náà sì ní iye tí ẹlẹ́tàn gbọ́dọ̀ san: dọ́là 1,500. Ó wá ń kà á lójoojúmọ́, ó ń kà á lórí àkọlé kọ̀ọ̀kan, ó kà á sí baba, ìyá àti ọmọ lọ́rùn. Ó fi owó ọkọ̀ tí yóò máa háyà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kún un, kó lè máa gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ di mílíọ̀nù 67 dọ́là. Nígbà tó yá, ó ṣàánú wọn, ó bù ú kù sí mílíọ̀nù 54.

Àwọn alágbàfọ̀ ò fẹ́ ìjà. Wọ́n fi dọ́là 3,000 bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n sọ ọ́ di 4,600, ó kọ̀. Wọ́n gbé e dé 12,000, ó ní rárá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2007, Adájọ́ Judith Bartnoff dá ẹjọ́ náà: kọ́bọ̀ kan ò tọ́ sí Pearson.

Tọkọtaya jàre. Àmọ́ owó lọ́yà wọn ti lé ní dọ́là 83,000. Owó kóòtù ni adájọ́ ní kí Pearson san, ìyẹn ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lọ́yà. Àwọn aláàánú ló dáwó jọ gbà wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀, ọdún náà ò parí tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún pa. Pearson ńkọ́? Lọ́yà lòun náà, ó gbẹjọ́ ara rẹ̀ rò, kò san owó lọ́yà fẹ́nì kankan. Lóòótọ́, wọn ò yàn án sípò adájọ́ mọ́, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà fún 90 ọjọ́ ní 2020. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìdájọ́! Ó ṣeé ṣe kí alágbàfọ̀ ti gbàgbé bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe rí.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ tó bàjẹ́ ni òwe yẹn ń wò, kò yọjú wo àpò ẹni tó jàre.

Láti ọdún 1796 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀ láti fi dọ́là 1,600 owó lọ́yà kún owó tí wọ́n dá fún ẹnì kan, pé kì í ṣe àṣà ilẹ̀ wọn. Kálukú ló ń san owó lọ́yà tirẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá jẹ̀bi ló sábà máa ń san púpọ̀ nínú owó lọ́yà ẹni tó jàre. Bí èèyàn bá ti gbọ́ ìtàn ṣòkòtò yìí tán, kíá ni yóò ní kí Amẹ́ríkà gba ti Ìlú Ọba. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Florida ló jẹ́ kí n rọra. Ní 1980, àwọn dókítà ibẹ̀ rọ ìjọba títí tí wọ́n fi ṣòfin pé nínú ẹjọ́ àṣìṣe ìtọ́jú, ẹni tó bá jẹ̀bi ni kó san owó lọ́yà ẹnì kejì. Wọ́n rò pé aláìsàn tó ń pẹjọ́ kiri yóò jókòó jẹ́ẹ́. Lóòótọ́, àwọn kan yọwọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ni ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Bí dókítà bá jẹ̀bi, ó san owó gbà-má-bínú, ó san owó lọ́yà tirẹ̀, ó tún san ti aláìsàn. Bó bá sì jàre, kí ni yóò rí gbà lọ́wọ́ ẹni tí àìsàn ti jẹ gbogbo owó rẹ̀ tán? Nígbà tó fi di 1985, àwọn dókítà yìí kan náà ló ní kí wọ́n fagi lé òfin ọ̀hún.

Owó lọ́yà ẹlòmíràn kì í dẹ́rù ba olówó, nítorí ó lágbára àtisan. Ẹni tí ò ní nǹkan kan náà ò bẹ̀rù, torí wọn ò lè rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá onílé kan ṣoṣo tí kọngílá kó owó rẹ̀ jẹ ló máa bẹ̀rù. Òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ronú pé bí adájọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ òun gbọ́, ilé á lọ. Yóò sì gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ mì.

Ìwà ni mo fẹ́ kí adájọ́ máa wò, kì í ṣe jíjẹ̀bi nìkan. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, bí ẹnì kan bá gbé ẹjọ́ tí kò nídìí wá, ẹnì kejì lè kìlọ̀ fún un. Ó ní 21 ọjọ́ láti kó o kúrò kí wọ́n tó ní kí kóòtù bá a wí, ìyà náà sì lè kan lọ́yà rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n tún gbé ẹjọ́ ìdìbò gómìnà Bayelsa padà lọ bá Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó ti dá a tán. Inú bí àwọn adájọ́, wọ́n ní kí àwọn lọ́yà àgbà tó gbé e wá san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún olùjẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, láti inú àpò ara wọn.

Ohun kan tún wà nínú ti Ìlú Ọba tí mo fẹ́ràn. Bí wọ́n bá fi iye kan lọ̀ ọ́ ní ìlànà òfin kí ẹ lè parí ìjà, tí o kọ̀, tí kóòtù ò sì fún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó lọ́yà ẹnì kejì láti ìgbà náà di tìrẹ. Ẹ rántí dọ́là 12,000 tí wọ́n fi lọ Pearson nítorí ṣòkòtò. Ọjọ́ tó kọ̀ ọ́ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó lọ́yà alágbàfọ̀ sí i lọ́rùn.